AUDIE MURPHY: AKỌNI TÍ OGUN KÒ FI SÍLẸ̀

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, a tún mú ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn pàtàkì kan tí ó ti kú tipẹ́ wá síwájú yín, kí àwa tí a kù láyé lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára rẹ̀. Ẹni tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni, orúkọ rẹ̀ sì ni Audie Murphy. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ń lọ wo sinimá àwọn darandaran oníbọn láyé àtijọ́ yóò rántí rẹ̀: ọkùnrin kúkúrú, ojú rẹ̀ bí ojú ọmọdé, tí ìbọn kì í tàsé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí sinimá ni a fi ń kọ ìtàn rẹ̀. Àrùn kan bá ọkùnrin yìí jà nígbà tí ó ti ojú ogun dé, àrùn náà kò sì ṣàjèjì ní ìlú wa. Agbo ilé púpọ̀ ni ó wà láàárín wa tí wọ́n ní baba tàbí ẹ̀gbọ́n kan tí ó lọ sí ogun, tí ó padà bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, síbẹ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Kì í sùn lóru. Bí ìlẹ̀kùn bá dún gbàù, a fò sókè. A máa bínú láìnídìí, a máa mutí, a sì máa dá jókòó bí ẹni tí ń retí ọ̀tá. Àwọn kan ní aráyé ni ó ṣe é, àwọn mìíràn ní igbó ni ó mu, àwọn mìíràn sì ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó pa ni ó ń dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn Audie Murphy ná, kí a tó dá wọn lẹ́jọ́.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1925 ni a bí Audie Leon Murphy ní ìtòsí Kingston, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọ méjìlá ni ìyá rẹ̀ bí, òun sì ni ìkeje. Òtòṣì àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Oko olóko ni wọ́n ń ro, òwú ni wọ́n ń gbìn, bí ìkórè bá sì dé, onílẹ̀ yóò mú ìpín tirẹ̀. Nígbà tí ìyà náà pọ̀ jù, baba wọn fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Audie kò ju kíláàsì karùn-ún lọ nígbà tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀, tí ó ń bá olóko ká òwú fún ọ̀yà dọ́là kan lóòjọ́. A tún máa fi ìbọn ṣọdẹ ẹran kéékèèké kí àwọn àbúrò rẹ̀ lè rí nǹkan fi jẹun. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti í yìnbọn láìtàsé, nítorí pé ẹni tí kò lówó kì í fi ọta ṣòfò.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, ìyá rẹ̀ kú. Audie kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sí agbára láti bọ́ gbogbo ọmọ náà, nítorí náà a kó àwọn mẹ́ta tí ó kéré jù lọ sí ilé àwọn ọmọ òrukàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé kí ogun tó dé bá ọmọ yìí ni ìbànújẹ́ ti ń gbé inú rẹ̀.

Ó DI ỌMỌ OGUN

Ní oṣù kejìlá ọdún 1941, àwọn ará Japan kọlu Pearl Harbor, Amẹ́ríkà sì wọ inú ogun àgbáyé kejì. Audie fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó, ara rẹ̀ kò sì tó. Àwọn ọmọ ogun orí omi kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó kéré jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ń jẹ́ Corinne bá a fọwọ́ sí ìwé pé ọdún 1924 ni a bí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á sínú ogun orí ilẹ̀ ní òpin oṣù kẹfà ọdún 1942. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún péré ni nígbà náà.

Ní oṣù kejì ọdún 1943, ọkọ̀ ojú omi gbé e dé ilẹ̀ Mòrókò. Ní oṣù keje ọdún náà, ó bá wọn wọ erékùṣù Sicily. Láti ibẹ̀ wọ́n kọjá sí Ítálì, wọ́n jà ní Anzio ní ọdún 1944 nínú òtútù àti ẹrẹ̀. Ibà dá a gúnlẹ̀ ju ìgbà kan lọ, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti yá díẹ̀, yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1944, wọ́n gúnlẹ̀ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn kan wà tí Audie ní, Lattie Tipton ni orúkọ rẹ̀, ó ju Audie lọ lọ́jọ́ orí, ó sì dàbí ẹ̀gbọ́n fún un. Ní ọjọ́ náà, àwọn ará Jámánì kan tí wọ́n wà nínú kòtò ogun na aṣọ funfun sókè bí ẹni tí ó túúbá. Tipton dìde láti lọ mú wọn, wọ́n sì yìnbọn pa á níṣojú Audie. Inú bí Audie gidigidi, ó ru gọ́gọ́ sí àwọn tí ó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó nìkan pa wọ́n, ó sì tún gba ìbọn wọn kọlu àwọn tí ó kù. Ìjọba fún un ní àmì ẹ̀yẹ nítorí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àmì ẹ̀yẹ kò jí Tipton dìde.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọ̀tá kan tí ó lúgọ yìnbọn bà á ní ìbàdí. Egbò náà kẹ̀, àwọn dókítà gé nínú ẹran ibẹ̀ kúrò, ó sì pẹ́ ní ilé ìwòsàn títí di oṣù kìíní ọdún 1945.

Ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ fi kan gbogbo ayé ni ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1945, ní ìtòsí abúlé Holtzwihr ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé. Yìnyín bo ilẹ̀. Òun ni ó ń ṣe olórí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ogun onírin mẹ́fà ti àwọn ará Jámánì àti ọ̀wọ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ dojú kọ wọ́n. Audie ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sá padà sínú igbó, òun nìkan dúró, ó ń fi tẹlifóònù júwe ibi tí àwọn oníbọn ńlá wọn yóò yìn sí. Nígbà tí ọ̀tá sún mọ́ ọn, ó gun orí ọkọ̀ ogun tiwọn kan tí iná ti ń jó, tí ó sì lè bú gbàmù nígbàkigbà, ó di ìbọn arọ̀jò-ọta tí ó wà lórí rẹ̀ mú, ó sì ń rọ̀jò ọta fún bí wákàtí kan. Ọta bà á lẹ́sẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Bí àádọ́ta nínú àwọn ọ̀tá ni ó pa tàbí ṣe léṣe lọ́jọ́ náà, ìyókù sì padà sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1945, ní ìtòsí Salzburg ní ilẹ̀ Austria, wọ́n fi Medal of Honor kọ́ ọ lọ́rùn. Èyí ni àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ tí Amẹ́ríkà ń fún jagunjagun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tí ó dé Texas, ìlú tú jáde, ìlù ń dún, àsíá ń fẹ́. Ó fi owó rẹ̀ ra ilé kan ní Farmersville fún Corinne, kí àwọn àbúrò tí ó wà ní ilé òrukàn lè rí ibi padà sí. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà yóò sọ pé ayé ti yẹ ẹ́.

OGUN BÁ A WỌ ILÉ

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tí ojú Audie rí ní ọdún méjì ààbọ̀ kò dúró sí Yúróòpù, ó bá a wọ ọkọ̀ padà sílé. Oorun kọ̀ ọ́. Bí ó bá sì sùn, àlá ogun ni yóò máa lá, yóò máa rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kú. Ìbọn kékeré tí ọta wà nínú rẹ̀ ni ó ń gbé sábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ọdún 1949 ó gbé òṣèré sinimá kan, Wanda Hendrix, níyàwó, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò pé ọdún mẹ́ta tí ó fi tú ká. Obìnrin náà rí ohun tí ojú kò lè gbà: ọkọ tí ń jí ní òru bí ẹni pé ọ̀tá wà nínú yàrá. Ní ọdún 1951 Audie gbé ìyàwó mìíràn, Pamela Archer, ẹni tí ó bí ọmọkùnrin méjì fún un.

Lójú àwọn ènìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa. James Cagney tí í ṣe òṣèré ńlá ni ó pè é wá sí Hollywood. Ó ṣe sinimá tí ó ju ogójì lọ. Ní ọdún 1949 ó gbé ìwé jáde nípa ogun tí ó jà, To Hell and Back, nígbà tí ó sì di ọdún 1955 wọ́n fi ìwé náà ṣe sinimá, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe Audie Murphy nínú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí bí ó ti rí: ọkùnrin tí ń sá fún àlá ogun lóru ni wọ́n gbé aṣọ ogun wọ̀ lọ́sàn-án, kí ó tún wo bí Tipton ṣe kú. Sinimá náà pa owó gọbọi, ṣùgbọ́n owó kì í ra oorun.

Ó gba oògùn oorun lọ́dọ̀ dókítà. Oògùn náà ràn án lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ṣe, kò lè gbé láìsí i mọ́. Nígbà tí ó rí i pé oògùn ti fẹ́ di ọ̀gá òun, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ó fara da gbogbo ìyà tí ara ń jẹ nígbà tí a bá já irú oògùn bẹ́ẹ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, ó sì bọ́. Akọni ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe é wò, nítorí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè pa ẹni tí ó bá já a sílẹ̀ lójijì. Dókítà ni ó yẹ kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tẹ́tẹ́ pẹ̀lú wọ̀ ọ́ lára, ó sì jẹ gbèsè títí ó fi kéde nílé ẹjọ́ ní ọdún 1968 pé agbára òun kò ká a mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn oníṣòwò ọtí àti sìgá fẹ́ fún un lówó kí ó bá wọn polówó ọjà, ó kọ̀, nítorí kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé wo òun ṣe àwòkọ́ṣe búburú.

Ó LA ẸNU RẸ̀

Níbí ni a rí iṣẹ́ akọni rẹ̀ tí ó ṣòro jù ti Holtzwihr lọ. Ní ayé ìgbà náà, ojo ni wọ́n ń pe jagunjagun tí ó bá sọ pé ẹ̀rù ń ba òun lóru. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe Audie Murphy ní ojo? Ó dìde, ó sọ ní gbangba pé òun ń ṣàìsàn, pé ogun ni ó fà á, àti pé kì í ṣe òun nìkan. Ó rọ ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n wádìí ohun tí ogun ń ṣe sí ọkàn ènìyàn, kí wọ́n sì tọ́jú àwọn tí ń ti Korea àti Vietnam bọ̀.

Àrùn náà kì í ṣe tuntun. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, dókítà Jacob Mendes Da Costa kọ̀wé ní ọdún 1871 nípa àwọn ọmọ ogun tí àyà wọn ń lù kìkì láìsí àrùn tí ó hàn lára wọn. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn kan rò pé ìró àgbá ni ó mi ọpọlọ wọn. Nígbà ogun kejì wọ́n ní àárẹ̀ ogun ni. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ di òní, PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ìjàǹbá ńlá ń fi sílẹ̀ lára ẹni.

Àwọn baba wa sọ pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́run fi agbára kan sínú ọpọlọ wa tí ń ta wá jí nígbà ewu: àyà a máa lù, iṣan a le, oorun a sá. Ní ojú ogun, agbára yìí ni ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, ó kọ̀ láti sùn nígbà tí ogun ti parí. Ìró ìbọn òkú ní ìlú, òórùn epo ọkọ̀, ariwo àwọn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ di ọ̀tá lójú wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó lọ ogun ni ó ń mú, kì í sì í ṣe àwọn aláìlágbára ni ó ń mú.

IKÚ RẸ̀

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1971, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí Audie wọ̀ kọlu òkè kan ní ìtòsí Roanoke ní ìpínlẹ̀ Virginia, nínú òjò àti ìkùukùu. Gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Audie kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Wọ́n sin ín sí Arlington, níbi tí Amẹ́ríkà ń sin àwọn akọni rẹ̀ sí. Wúrà ni wọ́n fi ń kun òkúta ibojì àwọn tí ó gba Medal of Honor, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò ní wúrà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ ẹ. Ọdún 1924 tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sí ni ó sì wà lára òkúta náà di òní.

Ní ọdún 1973 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àwọn ajagun-fẹ̀yìntì kan ní San Antonio ní Texas, tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Pamela, opó rẹ̀, gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn irú rẹ̀ ní Los Angeles, ó sì fi bí ọdún márùndínlógójì jẹ́ ìyá fún àwọn ajagun-fẹ̀yìntì tí kò rí ẹni gbọ́ tiwọn, títí ọjọ́ ogbó fi dé. Ọdún 2010 ni òun náà kú.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌLÚ WA

Ní àkókò kan náà tí Audie ń jà ní Yúróòpù, àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú igbó Burma pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, èkọkànlélọ́gọ́rin àti èkejìlélọ́gọ́rin. Nígbà tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà padà pẹ̀lú ọkàn tí ó ti dàrú, ilé ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro, Abẹ́òkúta, ni wọ́n sọ di ibi ìtọ́jú ní ọdún 1944. Láti ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Aró ti jáde, èyí tí Dókítà Adéoyè Lámbò sọ di olókìkí káàkiri ayé láti ọdún 1954. Ẹ wò ó, Aró tí àwa fi ń bú ara wa, nítorí àwọn ajagun wa ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn Burma, ogun abẹ́lé dé ní ọdún 1967 sí 1970. Lẹ́yìn náà ni Liberia àti Sierra Leone, àwọn ọmọ wa sì tún ti jà ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi pẹ̀lú ń wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sọ́kàn.

Èkíní, kí a yé pe àrùn yìí ní wèrè tàbí ègún. Ẹni tí ó pa àrùn mọ́ra kì í rí oògùn, ẹnu wa ni ó sì ń mú kí wọ́n pa á mọ́ra.

Èkejì, kí a mọ àmì rẹ̀: àìsùn, àlá búburú, ìdágìrì, ìbínú òjijì, yíyẹra fún ènìyàn, ọtí àti oògùn àmujù. Bí ó bá ń sọ pé ayé sú òun, kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí a kó ìbọn àti oògùn olóró kúrò lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kẹta, ìtọ́jú wà. Àwọn dókítà ọpọlọ ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tí ó ní ìlànà, àti oògùn níbi tí ó bá yẹ, wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn. Àdúrà dára, kí a máa gbà á, ṣùgbọ́n kí a má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ ní orúkọ àdúrà.

Ẹ̀kẹrin, a bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí ó kọ orúkọ gbogbo ajagun-fẹ̀yìntì ìlú wa sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn opó wọn, kí a bá wọn tọ pa owó ìfẹ̀yìntì wọn, kí a sì pe dókítà wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìpàdé ọdún. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì wa tí ẹ wà ní òkè òkun, yín ni a ń wò.

Audie Murphy gba gbogbo àmì ẹ̀yẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ lè fún un, síbẹ̀ kò rí oorun sùn. Àwọn tiwa kò gba irú àmì ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá lè fún wọn ní wúrà, ó yẹ kí a lè bi wọ́n bí wọ́n ti sùn, kí a jókòó, kí a sì gbọ́ èsì wọn dé òpin. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ àwọn tí ó ti lọ, kí ó sì fún àwọn tí ó kù ní ìsinmi ọkàn. Àmín.